Ka Ìwé Náà Sí Mi Létí

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ràn ìwé kíkọ láàárín wa ni yóò ti gbọ́ ìmọ̀ràn méjì kan títí etí rẹ̀ yóò fi kún. Èkíní ni pé kí a máa ka ìwé púpọ̀. Èkejì ni pé kí a máa kọ nǹkan lójoojúmọ́. N kò bá ìmọ̀ràn méjèèjì jà. Òótọ́ ni wọ́n. Ẹni tí kò bá ka ìwé kò lè mọ ibi tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ rìn dé, ẹni tí kò bá sì ń kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ yóò gan. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn kan tí wọ́n ń ka ìwé bí ẹni ń jẹ ẹ̀kọ, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ bí ẹni ń mu omi, síbẹ̀ tí ohun tí wọ́n ń kọ ní ọdún yìí kò fi ohunkóhun sàn ju ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lọ. Nítorí náà ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan ṣẹ́kù tí a kò sọ fún wọn. Nǹkan náà ni mo fẹ́ bá yín jíròrò lé lórí, bí ó ti yé mi mọ, èmi tí mo ń kọ́ èdè Faransé àti èdè Yorùbá papọ̀, tí n kò sì tíì tẹ ìwé kankan jáde.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ń dùn mí nínú. Nígbàkígbà tí àkókò bá tó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń kó iṣẹ́ wọn wá fún ìwé ìròyìn yìí, púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òwe mẹ́ta tí ó gun orí ara wọn. Oòrùn yóò là, ẹyẹ yóò máa ké, ìrì yóò sẹ̀ sí orí ewé, a ó sì ka odindi ojú ìwé kan tán kí ó tó yé wa pé ọ̀rọ̀ yàrá tí òjò ń jò ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹni náà fẹ́ sọ. Gbogbo wa ni a mọ ilé tí a ti yá irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ilé Fágúnwà ni.

N kò bú Fágúnwà o. Ta ni èmi? Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tí a bí ní 1903, ni ó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún ìdíje kan ní 1936, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. Láti ìgbà náà títí omi fi gbé e lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, òun ni baba àwọn tí ń kọ ìtàn ní èdè wa. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni Fágúnwà. Ó dàgbà láàárín àwọn onígbàgbọ́, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún níwájú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Bí ó bá to ọ̀rọ̀ mẹ́fà lé ara wọn, lójú tèmi, ohùn olùkọ́ tí ó fẹ́ kí ọmọ tí ó wà ní ẹ̀yìn yàrá gbọ́ ni, àti ohùn oníwàásù tí kò fẹ́ kí ìjọ sùn. Ó rí àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀ kedere. Àwa tí a yá aṣọ rẹ̀ wọ̀, iwájú ta ni a dúró sí? A kò rí ẹnì kankan. Afẹ́fẹ́ ni a ń bá sọ̀rọ̀, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí òwe wa fi ń pọ̀, nítorí ẹni tí kò mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ kò lè mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ òun tó.

Ìlú mi ni Ìjìó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjówà, ní Òkè-Ògùn, níbi tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dàhòmì títí di 1975. Pápá ni ilẹ̀ wa. Igi kò fún mọ́ra níbẹ̀: igi ẹmi níhìn-ín, igi igbá lọ́hùn-ún, koríko láàárín wọn, tí ọyẹ́ bá sì dé, iná a máa jó o. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ènìyàn wa, àwọn ìyá wa sì ń ṣe òrí. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ilé àwọn akọ̀wé ni mo ti wá. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B.

Ìyá àgbà kan wà ní agbo ilé wa. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ ni. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ó kù fún un ti lọ sí Èkó, ọdún 11 sì ti kọjá tí kò fi ẹsẹ̀ kan ìlú. Kì í ṣe pé kò ṣe ìtọ́jú ìyá rẹ̀. Ó ń fi owó ránṣẹ́, owó náà kì í sì í pẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni a kò rí. Nígbà tí baba rẹ̀ kú, owó pósí dé, owó ìnáwó dé, ọmọ kò dé. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti baba rẹ̀, bí ẹnì kan bá sì mọ̀ ọ́n, ìyá yìí ni, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún tí mo ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá tán, tí mo jókòó sílé tí mo ń dúró de yunifásítì, ìyá ránṣẹ́ pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Dìde, ọkọ mi. Lọ mú bírò àti ìwé wá, kí o bá mi kọ nǹkan sí ọmọ rẹ ní Èkó." Báyìí ni àwọn ìyàwó ilé wa ń pe àwa ọmọkùnrin ilé, bí ó tilẹ̀ ṣe pé ẹni tí ó ń pè ní ọmọ mi yìí lè bí mi. Mo ní, "Ìyá, ṣé kí n má kúkú bá yín pè é lórí fóònù?" Ó mi orí. Ó ní, "Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹkún ni n óò sun, n kò sì ní í lè sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìwé kì í sunkún."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí iṣu tí ó wà lórí iná fi jinná. Mo kó gbogbo rẹ̀ jọ, mo sì fi ẹwà sí i gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́. Ojú ìwé kan àti ààbọ̀ ni. Ó ní, "Ka ìwé náà sí mi létí." Mo kà á. Kò tíì tó ìlà kẹta tí ó fi gbé ọwọ́ sókè.

"Ta ni omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Ṣé o rí omijé lójú mi?"

Mo ní n kò rí i.

"Pa á rẹ́. Bí ó bá rí ẹkún nínú ìwé, owó ni yóò fi ránṣẹ́."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ dákun, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Láti ọjọ́ náà mo ti jókòó lábẹ́ àwọn olùkọ́ tí wọ́n gba oyè lórí bí a ti ń kọ̀wé, n kò sì tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó fi ojú ọ̀nà hàn mí tó bẹ́ẹ̀. Ìyá mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò mú kí ẹni náà ṣe, kò sì fẹ́ owó.

A tẹ̀síwájú. Mo ti pa òwe kan sínú rẹ̀, pé ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ó ní kí n yọ ọ́. Ó ní, "Ó mọ òwe yẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ. Bí mo bá tún pa á fún un, yóò rò pé mo ń bá òun wí." Mo yọ ọ́. A dé ibi tí mo ti dárúkọ baba rẹ̀ tí ó kú. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní kí n fò ó. Ibi tí ọ̀rọ̀ páànù wà, tí mo fi há ìsàlẹ̀ ìwé bí ohun tí kò jámọ́ nǹkan, òun ni ó ní kí n gbé wá sí òkè. Ìjì ti ṣí páànù yàrá ọmọ náà ní àkọ́rọ̀ òjò ọdún yẹn, ìyá sì ti ta òrí láti fi wá káfíńtà. Ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ kọ iye tí káfíńtà gbà.

Ìlà mélòó kan ni ó kù nígbà tí a parí rẹ̀. Mo ṣì rántí bí ó ti lọ: "Ọmọ mi, ara mi le. Ìjì ṣí páànù yàrá rẹ ní ọjọ́ tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀. Mo ti rí káfíńtà. Ó fẹ́ fi fèrèsé tuntun sí i, ó sì ń bi mí léèrè ìhà tí kí ó kọjú sí. N kò mọ èyí tí o fẹ́. Wá fi ọwọ́ hàn án. A kò tíì kàn án." Mo kà á sí i létí lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta kò sọ nǹkan kan, ó kàn ní kí n tún ibi tí fèrèsé wà kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dára. Èmi nìyẹn." A fún awakọ̀ kan tí ó ń lọ sí Èkó.

Ẹ óò fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà wá. Ó wá. Kò wá ní oṣù yẹn; iṣu tuntun ti jáde kí ó tó dé, ó sun oorun ọjọ́ mẹ́ta, ó sì padà. N kò ní í sọ fún yín pé ìwé ni ó mú un wá, nítorí ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó ń mú ọmọ padà sílé. Ìhà ìlà-oòrùn ni fèrèsé náà kọjú sí.

Nígbà tí mo dé yunifásítì tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé àwọn ará Faransé, ẹ̀rín pa mí ní ọjọ́ tí a sọ fún wa nípa Gustave Flaubert. Ọkùnrin yìí lo nǹkan bí ọdún 5, láti 1851 dé 1856, lórí ìwé kan ṣoṣo, Madame Bovary. Ní ilé rẹ̀ ní Croisset, ní etí odò Seine, a máa ké gbólóhùn rẹ̀ ní ohùn rara kí ó lè mọ̀ bóyá ó dára. Gbólóhùn tí ó bá ti kọ́ ẹnu tàbí tí ó dun etí, ó di dandan kí ó tún un kọ. Mo rántí ìyá wa ní Ìjìó. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe, àfi pé Flaubert ni ó ń ka ìwé, òun náà ni ó sì ń gbọ́ ọ. Tí ó bá jẹ́ pé ẹni tí èdè rẹ̀ kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bí tiwa ń ṣe wàhálà tó báyìí nítorí etí, kí ni ó yẹ kí àwa máa ṣe? (Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n ń tẹ̀ lórí fóònù. Èyí kò yàtọ̀ sí kí a gbé ìlù fún òǹkàwé kí a sì ní kí ó lu ú fúnra rẹ̀.)

Ọ̀rẹ́ mi kan ní iyàrá wa ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní lẹ́tà kì í ṣe ìwé. Pé ẹni kan ṣoṣo ni ìyá ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí òǹkọ̀wé kò mọ̀ rí ni ó ń kọ̀wé fún. Ó ní ọ̀rọ̀ sọ, díẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò rí igi ẹmi rí ń fẹ́ àlàyé tí ọmọ Ìjìó kò fẹ́. Ṣùgbọ́n mo bi í léèrè bí ẹni tí kò lè bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ kí ó yé e yóò ṣe wá bá ẹgbẹ̀rún ènìyàn sọ̀rọ̀, kò sì fún mi ní èsì títí di òní.

Tí ọ̀rọ̀ ìyá kan bá kéré lójú yín, ẹ jẹ́ kí a wo ẹni ńlá kan tí ó jẹ́ ará Òkè-Ògùn wa. Òṣoògùn, ní ìhà Ìṣẹ́yìn, ni wọ́n ti kó Àjàyí lẹ́rú ní 1821 nígbà tí ó ṣì kéré. Ní 1822 àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n sì gbé e sọ̀kalẹ̀ ní Freetown, níbi tí ó ti mọ̀wé tí ó sì di Samuel Crowther. Ẹ ronú nípa rẹ̀: èdè ọmọdé ni ó bá a dé ibẹ̀. Ọmọ tí a kó lọ ní irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ kò tíì jókòó sí ibi tí àgbà ti ń parí ìjà. Síbẹ̀ òun ni ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tí ó sì tún tẹ òmíràn tí ó kún ju ti àkọ́kọ́ lọ ní 1852. Ohun tí ó ṣe ni pé ó la etí rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ń bá babaláwo jiyàn, tàbí tí ó ń bá àwọn mùsùlùmí tí ó mọ̀wé jiyàn, bí ó ti ń jà fún ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó dára lẹ́nu wọn tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1862 iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó. Ó jó àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti fi nǹkan bí ọdún 11 ṣe láti ìgbà tí ìwé rẹ̀ kejì ti jáde. Àwọn ènìyàn a máa káàánú rẹ̀ nítorí iná náà. Ní tèmi, ọdún 11 yẹn ni ó yà mí lẹ́nu. Ẹni tí ayé ti ń yìn pé ó mọ Yorùbá, tí ìwé rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ gbogbo òyìnbó, òun ni ó ṣì ń fi etí kọ́ èdè lọ́dọ̀ àwọn tí kò lè kà á. Kí ó tó kú ní 1891, odindi Bíbélì ti wà ní èdè wa.

Àwọn mìíràn wà tí n kò ní í pẹ́ lórí wọn. Akínwùmí Ìṣọ̀lá wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, èdè Faransé ni ó ń kọ́ níbẹ̀ (ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi èmi àti Faransé mi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ gbọ́ o), nígbà tí ó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní 1961 sí 1962. Ní 1970 ni a tẹ̀ ẹ́. Eré oníṣe ni. Bí gbólóhùn eré kò bá ṣe é sọ lẹ́nu, òṣèré yóò fi han òǹkọ̀wé ní ojú gbogbo ènìyàn. Bákan náà ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969: Làpàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ bí ìwé. Bí àwọn tí a ń bá pàdé ní ìdíkọ̀ ti ń sọ̀rọ̀ ni òun náà ń sọ ọ́.

Ọdún 1969 náà ni Adébáyọ̀ Fálétí tẹ Ọmọ Olókùn Ẹṣin jáde, ìwé tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Òkè-Ògùn ní nílé. Ìtàn bí àwọn ará Òkè-Ògùn ti jà kúrò lábẹ́ Olúmokò tí ó ń jẹ gàba lé wọn lórí ni. Kì í ṣe idà ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀. Koríko ni, koríko tí wọ́n ń fi ipá mú wọn pa fún ọba. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rí i pé koríko yìí kan náà ni mo ń tẹ̀ lọ sí oko láti kékeré, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni lè fi í kọ ìwé. Fálétí mọ̀ pé ẹni tí ó ti ru ẹrù koríko rí yóò ka ìwé náà, ó sì kọ ọ́ bí ẹni tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Ìyá tí ó ní kí n pa ẹkún rẹ́ ti lọ sí ilé ìsinmi rẹ̀ báyìí, ojoojúmọ́ sì ni irú wọn ń dín kù ní Ìjìó. Ìwé Yorùbá yóò ṣì máa jáde lẹ́yìn wọn. A ó máa fi ẹ̀bùn dá ara wa lọ́lá nínú ẹgbẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé wọ́n fi èkan bo ilé, ta ni yóò gbé ọwọ́ sókè ní ìlà kẹta?

Mo ń kọ nǹkan kan lọ́wọ́ nípa bí a ti ń fi bẹ́ẹ̀rẹ̀ bo ilé kí páànù tó gba ìlú. Ọ̀dọ̀ àwọn baba mẹ́ta ni mo ti lọ ní ìsinmi tí ó kọjá. Ti àkọ́kọ́ sọ fún mi pé kí iná pápá tó dé ni a ń pa á, pé bí iná bá ṣáájú ẹni dé ibẹ̀, ọdún yẹn ti lọ nìyẹn. Ó sì fi ọwọ́ hàn mí bí a ti ń dì í, láti etí ilé lọ sí òkè. Èkejì gbọ́ ohun tí àkọ́kọ́ sọ, ó ní dídì tí ọ̀rẹ́ òun ń dì í yẹn ni òjò fi ń jò ó ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Mo ti kọ ojú ìwé mẹ́ta. Baba kẹta kò tíì sọ nǹkan kan. Ó ní kí n kọ ti àwọn méjì yẹn tán ná, kí n sì wá kà á sí òun létí lẹ́yìn iṣu tuntun, ìgbà náà ni òun yóò tó sọ ohun tí òun mọ̀.